Ọ̀wẹ̀ Ní Òfin: Ìyọ̀ǹda Ara Ẹni fún Iṣẹ́ Ọnà Ìlú

     Ọmọdé ni mí láàárín yín. Bí ẹsẹ̀ mi bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ̀yin àgbà pè mí padà. 

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ọdún fi lé mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ara ẹni fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ń gbé iṣẹ́ ọnà lárugẹ ní ìlú àti àdúgbò wa. Ẹlòmíràn lè máa rò ó lọ́kàn pé kí ni ó kan babaláwo nínú ìyẹn. Ó kàn wá gidigidi. Ẹ wo ohun tí ó wà lórí ẹní nígbà tí a bá jókòó ti Ifá. Ọpọ́n tí a ń tẹ̀ ní ìyẹ̀rosùn, agbẹ́gilére ni ó gbẹ́ ẹ. Ìrókẹ́ tí a fi ń pe Ifá, ọwọ́ oníṣọ̀nà ni ó ti jáde. Agere tí a ń kó ikin sí, iṣẹ́ ọnà ni. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ ọ̀pá ọ̀rẹ̀rẹ̀. Onílẹ̀kẹ̀ ni ó sín ohun tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ wa. Ìdílé onílù ni ó sì ń mú ìpèsè àti àràn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ọdún. Apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí ojú ń rí nínú ẹ̀sìn wa wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe babaláwo. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí iṣẹ́ ọnà má bàa parun, ilé wa ni ó ń bá wa tún ṣe, ó sì tọ́ kí a mọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ wa ní ìyọ̀ǹda ara ẹni, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń pè é nínú gbogbo ìwé tí a ń kọ láti tọrọ owó ìrànwọ́. Ìrònú yẹn kò tọ̀nà. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ sì wà. Àáró ni kí èmi, ìwọ àti ẹni kẹta fohùn ṣọ̀kan pé lónìí oko tèmi ni, lọ́la oko tìrẹ, lọ́túnla oko tirẹ̀. A máa ń ka ọjọ́ nínú àáró. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí wọ́n ṣe tirẹ̀ tán, tí kò sì jáde lọ ṣe ti ẹlòmíràn, gbèsè ni ó jẹ, gbogbo abúlé ni yóò sì gbọ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ó ń kọ́lé ni, bóyá ó ń ṣán oko tuntun, bóyá àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún, yóò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹbí àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣe é. Kò sí ẹni tí yóò ka ọjọ́ lé e lọ́wọ́. Oúnjẹ àti ẹmu ni gbèsè tí ó jẹ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ní òfin, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ni ó ń pe ọ̀wẹ̀. Àjèjì kì í déédéé gbé ọkọ́ wọ oko olóko kí ó ní òun ń ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olóko yóò bi í pé kí ni ó sọnù tí ó ń wá. Bí wọ́n bá pé tán, ọlọ́wẹ̀ ni yóò fi ààlà hàn wọ́n, òun ni yóò sọ igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àti ibi tí ó sin èbù iṣu sí. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń bo ilé ni yóò gun òkè ilé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa ju koríko sí i láti ìsàlẹ̀, ojú kò sì ní tì í. Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò bọ́ ẹ̀wù, yóò bá wọn ṣe é. Ọjọ́ tí ọlọ́wẹ̀ bá lọ jókòó sí abẹ́ igi tí ó ń pàṣẹ, ọ̀wẹ̀ ti di iṣẹ́ ẹrú.

Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò ju èyí lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá pe àwọn ọ̀dọ́ wá fi ọwọ́ òfo ṣe iṣẹ́ ọnà ìlú, ọ̀wẹ̀ ni ó pè, òfin ọ̀wẹ̀ sì dè é.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Òṣogbo díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Ní 1950 ni Susanne Wenger, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria, dé sí Nàìjíríà. Ó wọ ẹ̀sìn òrìṣà, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, ikán ti ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun, àwọn olórìṣà sì ké sí i pé kí ó bá wọn tún un ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn: wọ́n ké sí i. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí ń ṣe kí símẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ènìyàn àti ẹranko lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ agbẹ́gilére ni Kàsálì Àkàngbé. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbé òkúta kalẹ̀, ó sì fún un ní ojú. Oníkálukú wọn mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá láti ilé. Ní 1965 ni ìjọba kéde igbó Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005 ni UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé, gbogbo ìwọ̀n hẹ́kítà 75 rẹ̀. Àdùnní fúnra rẹ̀ re ibi àgbà ń rè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ère sì wà níbẹ̀ nínú òjò.

Òjò yẹn ni ọ̀rọ̀. Amọ̀ ń fa omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ padà; símẹ́ńtì kì í mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí símẹ́ńtì bá bo amọ̀, tí ó wá lanu díẹ̀, omi yóò gba ẹnu náà wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ inú yóò rọ̀, yóò wú, èèpo òde yóò sì ṣí kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Irin tí wọ́n fi ṣe egungun ère náà kò fẹ́ omi: bí ó bá ti dípẹtà, yóò wú, yóò sì fọ́ símẹ́ńtì láti inú wá. Ikán ní ìpín tirẹ̀ lára igi. Ewé tí ó já sórí òrùlé yóò jẹrà, èso igi yóò hù sí i, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì máa wá ibi tí ògiri ti lanu. Odò náà pẹ̀lú a máa kún. Ẹgbẹ́ Adunni Olorisha Trust ti ṣe iṣẹ́ àtúnṣe púpọ̀ nínú igbó náà, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ báyìí kì í tán. Bí a bá ti parí rẹ̀ níhìn-ín, ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ lè bi mí pé níbo ni ayọ̀ǹda-ara-ẹni wà nínú èyí. Ó wà lọ́dọ̀ ìgbálẹ̀. Gbígbá ewé kúrò lórí òrùlé, fífa igi kékeré tu kí gbòǹgbò rẹ̀ tó wọlé, lílà ọ̀nà omi kí òjò tó dé, pípọn omi, gbígbé iyanrìn, kíkọ ọjọ́ tí ògiri lanu sínú ìwé, yíya fọ́tò ojú ibì kan náà lóṣooṣù kí oníṣẹ́ lè mọ̀ bóyá ẹnu náà ń fẹ̀ sí i: irú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó yẹ ẹni tí ó ní ìfẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ìmọ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ìyìn ni. Kò sí ẹni tí ń gbé e sórí Facebook. Bẹ́ẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí àgbà oníṣẹ́ fi agbára tí ó kù fún un pọn omi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Iṣẹ́ ère tí mo rí tí ó dára, àwọn ọwọ́ méjèèjì ni ó ṣe é.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí ọ̀dọ́ wà nídìí ìgbálẹ̀ títí ayé. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ ní tirẹ̀, wọ́n ní bí àwọn bá rí i àwọn yóò yọ̀. (Ó wù mí bí a ṣe sọ ọ́ di tiwa láìjà.) Àwọn ìpàdé ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò gùn, wọn kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Ó ti ibẹ̀ di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ yàwòrán. Oníjó ni wọ́n kọ́kọ́ mọ Twins Seven-Seven sí. Múráínà Oyèlámí padà sí Ìràgbìjí tí í ṣe ìlú rẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ ọnà Obatala Centre sílẹ̀ níbẹ̀. Nike Davies-Okundaye, tí òun náà dàgbà nínú iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ sí ìlú náà ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo bí ó ti rí. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn kò dá a padà fún ẹni tí ó fún wọn. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi fún. Èyí kì í ṣe àáró, nítorí kò sí ẹni tí ó ka ọjọ́.

Kí n tó kúrò ní Òṣogbo, ẹ tún wo orúkọ wọn: Bùráímọ̀, Kàsálì, Múráínà, Jímọ̀. Mo ń sọ èyí fún àwọn òbí tí ẹ̀rù ń bà pé bí ọmọ wọn bá bá wa ru amọ̀, a ó fi ọgbọ́n sọ ọ́ di olórìṣà. Orúkọ Mùsùlùmí ni orúkọ wọ̀nyí, ọwọ́ àwọn tí ń jẹ́ ẹ sì wà nínú iṣẹ́ ọnà ìlú òrìṣà. Nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ní ọmọ Mùsùlùmí, a ní ọmọ Kìrìsìtẹ́nì. Bí a bá fẹ́ bọ, a ó sọ fún wọn, ẹni tí kò bá fẹ́ dúró yóò lọ wẹ ọwọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ẹgbẹ́ kan kó àwọn ọ̀dọ́ wá láti kun ògiri ojúbọ kan. Ọkàn rere ni wọ́n bá wá, èmi kò sì ní sọ ohun mìíràn nípa ọkàn wọn. Wọ́n gbé ọ̀dà olóròóró wá, oríṣiríṣi àwọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri náà ti ń dán bí àwo. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé e. Ọ̀dà náà ti wú, ó ń bó bí awọ ejò, ó sì ń fa amọ̀ ògiri ya bọ́ pẹ̀lú ara rẹ̀, nítorí pé omi tí ilẹ̀ ń fà sókè sínú ògiri kò rí ibi gbà jáde mọ́.

Ojúbọ náà ní àwọn tí ń kùn ún tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ni. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé, ẹ mọ àwọn obìnrin akunlé. Ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe funfun, osùn àti ilẹ̀ pupa fún pupa, èédú fún dúdú. Kí ọdún tó dé ni wọ́n ń péjọ. Àwọn àgbà wọn ń ya ojú àwòrán, àwọn ìyàwó ń kun inú rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ń pọn omi, wọ́n ń lọ ilẹ̀, wọ́n ń gbe orin. Òjò yóò wá fọ̀ ọ́ dànù. Àwọn kan rò pé àìlágbára iṣẹ́ náà nìyẹn, pé ó yẹ kí a wá ohun tí kò ní í ṣí fún wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń ṣí ni wọ́n fi ń péjọ lọ́dọọdún, nínú ìpéjọ yẹn ni ọmọbìnrin tí ń pọn omi ti ń di ẹni tí ń ya ojú àwòrán. Mo bi màmá kan nínú wọn bóyá ẹgbẹ́ náà gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ó ní, “Wọn kò bi wá. Wọ́n ní kí a sinmi.”

Wọ́n sì sinmi. Ọdún méjì ni wọn kò péjọ. Ọ̀dà nìkan kọ́ ni mo rí tí ó bó lára ògiri náà.

Ẹgbẹ́ tiwa lọ bá àwọn màmá náà nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé. A kò lọ pẹ̀lú àbá kankan. Obì ni a mú lọ, a sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán wa. Àbámẹ́ta mẹ́rin ni a fi ha ọ̀dà náà kúrò. Wọ́n fi ibi tí amọ̀ rere wà hàn wá, a wà á, a rù ú, a gún un, wọ́n fi ọwọ́ wọn rẹ́ ògiri. Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó fọwọ́ kan àwọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ wa ni wọ́n pè ní ọjọ́ kejì pé kí wọ́n wá kun ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn méjèèjì ṣì ń lọ bá wọn títí di òní olónìí.

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí ó gbé ọ̀dà wá rí owó ìrànwọ́ gbà lórí fọ́tò náà. Àwa kò ní fọ́tò tí ó dán tó bẹ́ẹ̀. Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ owó, tí àwa ẹlẹ́sìn kì í fẹ́ sọ ní gbangba.

Mo ti jókòó ní ìpàdé kan rí tí ẹnìkan ti béèrè pé kí ni a ó máa sanwó fún bíríkìlà àti agbẹ́gilére sí, nígbà tí àwọn àgùnbánirọ̀ wà tí wọ́n lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè náà ní ìdí, nítorí pé owó ẹgbẹ́ aláàánú kì í tó. Láti 1973 ni ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Èmi náà sìn, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan yẹn wúlò. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni àgùnbánirọ̀ ń lò tí yóò fi lọ. Agbẹ́gilére ni ó ń gbé ìlú. Bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wa bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí ń wò ó yóò lọ gun ọ̀kadà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Nígbà tí ó bá wá di ogún ọdún sí i tí a bá ń wá ẹni tí yóò gbẹ́ ọpọ́n, a ó rí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé, a ó sì dúpẹ́ pé a rí i.

Ẹ̀yin awo mọ̀ pé ọmọ awo a máa gbé àpò tẹ̀lé olúwo rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. A máa gbálẹ̀, a máa pọn omi, kì í sì í gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n ilé olúwo ni ó ti ń jẹun, odù ni ó sì ń kó lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wá dá Ifá a máa fi nǹkan sílẹ̀ níwájú Ifá, ó kéré ni o, ó pọ̀ ni o. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ pe ọ̀wẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kọ owó oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nínú ètò ìnáwó rẹ̀, kí ó kọ oúnjẹ àti owó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé e, kí ó tó kan ẹ̀wù tí a tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí. Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹ̀wù rẹ̀ pọ̀ ju iyanrìn rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yìí kì í ṣe eré rárá. Ní àkókò tí epo bẹntiróòlù wọ́n báyìí, bí a kò bá fún wọn ní owó ọkọ̀, ọmọ olówó nìkan ni yóò lè yọ̀ǹda ara rẹ̀, ọmọ agbẹ́gilére yóò sì jókòó sílé.

Ẹ̀yin olùwádìí, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá mọ́ àwọn iṣẹ́ àrà ogún àfẹnusọ àgbáyé; ní 2008 ni ó wọ inú ìwé ogún tí a kò lè fọwọ́ kàn. Láti ìgbà náà ni fóònù ti pọ̀ ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ níbi ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ń bá àwọn ẹgbẹ́ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, iṣẹ́ rere ni. Mo mọ bàbá kan tí ó ti ké ìyẹ̀rẹ̀ fún àwọn ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n gbà á sílẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí títí ọ̀dọ́ kan fi gbé ẹ̀dà kan sínú fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ dé àárín, ó ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ní ibì kan fò níbẹ̀, òjò ń pa òun ní ọjọ́ náà, òun ń kánjú. Ó jókòó dáadáa, ó ké e ní tuntun. Ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta ìṣáájú, èyí tí ibì kan ti fò ni.

Ohun tí a ń ṣe lọ́dọ̀ wa rọrùn. Orúkọ ẹni tí ó ké e, ìlú rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ó ti ké e yóò wà lára ohùn náà. Ẹ̀dà kan yóò wà nílé onílé kí èkejì tó kúrò ní ìlú. Bí ó bá ní kí a má gbé e jáde, a kò ní gbé e jáde. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ti igbodù, kí fóònù dúró síta.

Ẹ̀yin àgbà, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa babaláwo fúnra wa ni mo fẹ́ parí sí. A máa ń kùn pé àwọn àjèjì ń tún ojúbọ ṣe ní àṣìṣe, pé àwọn ẹgbẹ́ kan ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó pe ọ̀wẹ̀? Bí olóko kò bá pè, tí koríko sì ń bo oko, ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò wọ ibẹ̀ ṣe é bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ní Salvador, ní Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Ilê Aiyê. Orúkọ náà kò ṣòro fún wa láti kà: Ilé Ayé ni. Ní 1974 ni ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ onílù àti oníjó àwọn ènìyàn dúdú fún ayẹyẹ Carnival, abẹ́ òrùlé ìyálórìṣà Mãe Hilda Jitolu ni ó sì ti dàgbà. Nígbà tí ó di 1988, ìyá náà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò sínú ilé òrìṣà rẹ̀. Kò dúró de ẹgbẹ́ aláàánú láti òde. Ilé òrìṣà ni ó pe ọ̀wẹ̀, ó fi ààlà hàn, ó sì wá àyè sílé fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àlejò wa láti Brazil tí ó wà níbí mọ èyí jù mí lọ.

Ilé Ifá mélòó ni ó wà ní àdúgbò wa tí ó ní gbọ̀ngàn tí a ń tì pa láti ìparí ọdún yìí títí di òmíràn? Agbẹ́gilére lè jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Onílù lè kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ báyìí, iṣẹ́ amọ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìgbà òjò. Oṣù Bélú ni a ó tún padà sí ìdí ògiri. Kí ó tó dìgbà náà, ohun tí a nílò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹni tí ó lè fi àmì ohùn sórí Yorùbá dáadáa, tí yóò máa bá wa da ohùn àwọn bàbá kọ sílẹ̀, àti ẹni tí ó lè se oúnjẹ fún àwọn ọmọdé bí ogójì. Àwọn màmá ti fi ibi tí a ó ti wa amọ̀ lọ́dún yìí hàn wá. Ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ní ọmọlanke jọ̀wọ́ rí mi kí ó tó lọ.